Ta Ni Ó Rán Akéde?

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ tán lára koríko ẹ̀gbẹ́ títì Àgbádárìgì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ń bọ́ sílẹ̀ nínú kòròpe ní Ìyànà-Ìbà, tí àwọn ọmọọṣẹ́ tí ń lọ sí ọjà Alábà sì ń sáré kí ọ̀gá wọn tó dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá kan a máa tẹ́ tábìlì onígi sí ẹ̀bá ọ̀nà, a to ìwé ìròyìn sórí rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, a sì fi òkúta kéékèèké tẹ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí atẹ́gùn dáńfó tí ń sáré kọjá má baà ká wọn lọ. Àwọn tí ń rà kò pọ̀. Àwọn tí ń dúró kà ni ó pọ̀: wọn a tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a ka àkọlé ńláńlá ojú ìwé kìn-ín-ní, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣí inú ìwé wò a fi owó díẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, a ka tirẹ̀ tán, a ká a padà bí ó ti bá a.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí ní ọjọ́ kan tí ìyá ẹlẹ́ja kan sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ láti sinmi. Ó bi wá pé kí ni wọ́n kọ sí ìwé ọ̀hún tí gbogbo wa fi ń pariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kà á fún un pé iṣẹ́ ọ̀nà wa yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé ìrọ̀rùn ti dé bá àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò. Ìyá wo ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀, ó wo omi ẹrẹ̀ tí táyà mọ́tò ń ta sókè, ó tún wo ìwé náà, lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ẹni tí ń tà á, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó rán ẹni tí ó kọ èyí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi kálámù jẹun, n kò sì tíì gbọ́ ìbéèrè tí ó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ akéde. Ní ìlú àwọn bàbá wa, yálà ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà tàbí ní ìlú Àwórì mìíràn tí ó ti ìran Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre wá, akéde kì í dédé la ẹnu. Agogo ni yóò kọ́kọ́ lù, kí ẹni tí ń lọ ata dá ọwọ́ dúró, kí ẹni tí ń hun àwọ̀n gbé etí sókè. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹni tí ó rán an, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe àwọn ìjòyè, ìbáà ṣe ìyálọ́jà. Ìgbà tí ó bá sì ti dárúkọ ẹni tí ó rán an tán ni yóò tó jíṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá korò, ó lè fi ọgbọ́n rọ̀ ọ́, nítorí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bù kún un, kò gbọdọ̀ bù kúrò nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yà ní ilé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn láti gba obì kí ó tó lu agogo. Ìlú pẹ̀lú ní ohun tí ó jẹ akéde: a kì í na ikọ̀ nítorí iṣẹ́ tí a rán an. Òótọ́ akéde àti ààbò akéde, ìbejì ni wọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, èkejì kì í pẹ́ láyé.

Akéde orí ìwé pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ìyá yìí, ẹ wo àpẹẹrẹ mélòó kan. Nígbà tí àlùfáà Henry Townsend gbé *Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* jáde ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, tí ó ń ta á ní ọgọ́fà owó ẹyọ, inú àwọn tí ó mọ̀wé dùn jọjọ, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èdè wa yóò di ohun tí a ń tẹ̀ tí a sì ń retí ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Síbẹ̀ kò ju ọdún 1867 lọ, ọdún Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò láàárín wọn, tí ìwé náà sì bá wọn lọ. Àwọn Ẹ̀gbá ti ń fura pé òyìnbó tí ó wà ní Abẹ́òkúta àti ìjọba òyìnbó tí ó wà ní Èkó jọ ń di ọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Ìbéèrè ìyá ẹlẹ́ja náà ni wọ́n ń bi Townsend: ta ni ó rán ọ?

Àpẹẹrẹ kejì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tún ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Ní ọdún 1928, Isaac Babalọlá Thomas dá *Akéde Èkó* sílẹ̀ ní Èkó Àkéte, Èkó arómi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé náà lọ́wọ́ obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, arẹwà ìgbà kan tí àìsàn ti gbé dè, tí ó ń fi omijé ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Ìlú mì tìtì. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní òpópónà kan ní Èkó, wọ́n kọ̀wé sí i, wọ́n káàánú rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1930 ó di ìwé, lónìí a sì kà á mọ́ àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá. Mo fẹ́ràn ìwé náà tọkàntọkàn, n kò sì ní bu ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí i, mo máa ń rò nípa ẹni tí ó jókòó sí ilé rẹ̀ ní ọdún náà lọ́hùn-ún, tí ó ń gbàdúrà fún aláìsàn tí kò sí. Ìgbàgbọ́ tí ó ní nínú ìròyìn ni a fi ra àánú rẹ̀. Thomas kò pa ẹnì kankan lára. Àwọn tí ń lo irú ìgbàgbọ́ yìí kan náà lórí fóònù lónìí ń pani lára, ń ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ọdún 1928 yìí náà ni ọ̀rọ̀ Herbert Macaulay ṣẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn rẹ̀, *Lagos Daily News*, gbé àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń dìtẹ̀ láti pa Ẹlẹ́kòó Èṣúgbàyí, ọba Èkó tí ìjọba òyìnbó ti lé kúrò ní ìlú. Ìjọba gbé Macaulay lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fi í sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn Èkó tí kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń wá kùmọ̀ tí wọn yóò fi lù ú, nítorí pé ẹ̀gún ni ó jẹ́ ní ọrùn wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ òótọ́, ìròyìn tí kò ní ẹlẹ́rìí ni ó gbé kùmọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ iṣẹ́ yìí tí wọ́n rò pé ìgboyà nìkan tó. Ìgboyà láìsí ẹ̀rí, ara ọ̀tá ni ó ń tù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ọ̀jọ́, nítorí pé ọwọ́ akọ̀ròyìn kan wà lára ilẹ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ tí ń gbé ibẹ̀ kò mọ̀. Lateef Jákàńdè wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní *Daily Service* ní ọdún 1949, ó lọ sí *Nigerian Tribune*, ó sì di olóòtú àgbà níbẹ̀. Orúkọ bòókẹ́lẹ́ John West ni ó fi ń kọ àròkọ rẹ̀. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di gómìnà Èkó ní ọdún 1979, kálámù di ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀: ilé olówó pọ́ọ́kú ní Ìbà, iṣẹ́ rẹ̀ ni, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ní ọdún náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin láàárín Èkó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun dé. Ìjọba Ọ̀gágun Buhari fagi lé ètò ọkọ̀ ojú irin náà ní ọdún 1985, owó tí ó sì bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là.

Ìjọba yìí kan náà ni ó ṣe Òfin Kẹrin ti ọdún 1984, òfin tí gbogbo akọ̀ròyìn àgbà ṣì ń fi gbígbọ̀n ara sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó burú nínú òfin náà kò ju báyìí lọ: kò dìgbà tí ìròyìn bá jẹ́ irọ́ kí akọ̀ròyìn tó wọ ẹ̀wọ̀n, bí ó bá ti dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ó tó. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti *The Guardian* kọ ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ fi ṣe aṣojú ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún wọn, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà tí òtítọ́ kò bá lè gba akọ̀ròyìn sílẹ̀ mọ́, kí ni yóò tún máa wá a kiri fún?

Wàyí o, ẹ gbé méjèèjì yìí sórí ìwọ̀n kan ṣoṣo kí ẹ wò ó. Ní àsìkò tí a ń ná mílíọ̀nù dọ́là dànù lórí ọkọ̀ ojú irin Èkó, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bi ìjọba pé "Èé ṣe?" ti rí bí a ti ń tilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Èyí ni mo fi ń sọ pé òmìnira akọ̀ròyìn kì í ṣe dúkìá akọ̀ròyìn. Ti ẹni tí ń dúró de mọ́tò ní Òkókómáíkò ni. Akọ̀ròyìn méjì sùn sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn ará Èkó dúró fún ogójì ọdún ó dín díẹ̀ kí wọ́n tó rí èyí tí ó rọ́pò ètò ọkọ̀ ojú irin náà, nítorí pé oṣù Kìíní ọdún 2023 ni a tó ṣí ojú irin tí a ń pè ní Blue Line, Buhari kan náà tí ó ti di ààrẹ alágbádá ni ó sì wá ṣí i. Láti Òkókómáíkò dé Marina, kìlómítà 27, ni ètò náà. Kìlómítà 13 láti Mile 2 dé Marina ni ó parí, ó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Àwọn tí a fi orúkọ ìlú wọn pe ojú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn.

N kò ní fi ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ lé àwọn aláṣẹ lórí, nítorí pé àwa náà ní tiwa, èmi gan-an sì ní tèmi. Mo rántí àpò-ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi. Ìpàdé kan ni wọ́n pe àwọn akọ̀ròyìn sí, a jẹun, a mu, ọ̀gá wọn ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a ń jáde lọ, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun nigínnigín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ ìwé ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ ìwé ìròyìn tiwa sára àpò-ìwé náà, wọn kò kọ orúkọ tèmi. Ó ní, "Owó ọkọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n." Mo gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti jókòó láti kọ ìròyìn, mo rántí pé obìnrin kan ti dìde nínú ìpàdé, ó ti béèrè ohun kan nípa owó, ọ̀gá náà sì ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé kí n má kọ ọ́. N kò kọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ka ìròyìn mi nínú ìwé, gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ òótọ́, kò sí irọ́ kan níbẹ̀, síbẹ̀ obìnrin náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnu tí ó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Mo ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni ó yé mi.

Ìlànà iṣẹ́ tí àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní ọdún 1998 kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn: kí akọ̀ròyìn má béèrè ẹ̀gúnjẹ, kí ó má gbà á, ìbáà ṣe láti gbé ìròyìn jáde, ìbáà ṣe láti tẹ̀ ẹ́ rì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí kì í san owó oṣù fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, tí ọ̀gá wọn á sì máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé káàdì ìdánimọ̀ tí òun fi kọ́ ọ lọ́rùn ti tó o jẹun. Ọ̀gá tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti ta akéde rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní obì. Bí a bá fẹ́ bá ọmọ iṣẹ́ wí, kí a kọ́kọ́ bá ọ̀gá rẹ̀ wí.

Nígbà tí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti kúrò lọ́dọ̀ akéde, kì í ṣe pé etí ìlú yóò di. Àhesọ ni yóò gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan tàn lórí fóònù ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá jí ọmọ lójú oorun, wọ́n bu iyọ̀ sí omi. Àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mu ún pẹ̀lú. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, àwọn kan kú, láìjẹ́ pé Ebola dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò lu agogo, kò sì sọ ẹni tí ó rán an. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni gbogbo ènìyàn ti gbà á, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́ ni rédíò àti ìwé ìròyìn ń sáré tẹ̀lé irọ́ láti mú un, bẹ́ẹ̀ ni omi ti dànù.

Ọ̀ràn kan sì wà tí sísọ òótọ́ nìkan kò tó. Ní oṣù Keje ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Ìbà, wọ́n gbé Oníbà ti Ìbà lọ, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kábíyèsí tó padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kí ni ó yẹ kí akọ̀ròyìn ṣe bí etí rẹ̀ bá ta sí iye tí ẹbí lè san, tàbí ibi tí àwọn ọlọ́pàá ń gbà lọ? Òótọ́ ni, ìlú sì ń fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ajínigbé náà ń ka ìwé ìròyìn, ó ń gbọ́ rédíò. Lójú tèmi, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kí a pa á mọ́ títí ẹni tí a jí gbé yóò fi dé, kí a tó wá sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò bá ìjọba lára mu. Kí a mú sùúrù yàtọ̀ sí kí a tẹ̀ ẹ́ rì. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé onísùúrù ti mọ ọjọ́ tí òun yóò sọ̀rọ̀.

Ayé ológun ti kọjá, ayé tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú àpò-ìwé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa sínú ilé rẹ̀ ní Ìkejà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, tí a kò sì tíì mú ẹni tí ó ṣe é títí di òní. Kùmọ̀ ìgbà yìí kò le bíi ti àná, ṣùgbọ́n kùmọ̀ ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá gbé Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ ìròyìn FIJ, ní Èkó, lẹ́yìn ìròyìn tí ó kọ nípa mílíọ̀nù 147 náírà tí ó yẹ kí a fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ ibi tí ó wà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 ni wọ́n nà sí i, ó sì tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó gba òmìnira. Àwọn ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn pariwo, àwọn òǹkàwé náà pariwo. Mo gbà pé ohùn àwọn òǹkàwé ni ó dun àwọn aláṣẹ jù, nítorí pé akọ̀ròyìn tí ìlú gbà gbọ́ ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀.

Òfin mìíràn sì wà tí ó wà fún wa, àwọn díẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní FOI. Ohun tí ó sọ ni pé ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Kí wọ́n dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá fi í dù ú láìnídìí, kí wọ́n san ìtanràn 500,000 náírà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́ kí wọ́n má baà rí i, ẹ̀wọ̀n ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń wí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa á láṣẹ, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Ẹdó wá, pé ó kan gbogbo wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, iye tí a ti ná láti ọdún 2009 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà, ibi tí ó yẹ kí ó dé ní ọdún yìí, iye tí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ná sórí gọ́tà tí ó dí, kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣírí nínú wọn mọ́.

Mo padà sí ìdí tábìlì bàbá náà ní Ìyànà-Ìbà láti wá ìyá ẹlẹ́ja náà, kí n lè ṣàlàyé èyí fún un. N kò bá a. Òun ni mo ń kọ èyí sí, kí ẹni tí ó bá kà á kà á fún un létí. Ìyá kò mọ̀wé kọ, òfin náà sì ti rò ó: ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ìbéèrè òun, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi béèrè, dandan ni kí òṣìṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ mú bírò, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ìyá ti sọ ọ́, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé.